Rósítà Oṣù Ọ̀pẹ

Pẹ́ńsùlù ni mo fi ń kọ ọ́, n kì í fi bírò kọ ọ́.
Ẹni tó bá ti ṣe Màtírọ́nù Àgbà fún ọdún mọ́kànlá
ti mọ̀ pé orúkọ kì í pẹ́ lórí ìwé.

Ọyẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ẹfọ̀n,
ó ń ṣí ìwé orí tábìlì mi
bí aṣàyẹ̀wò tí ìjọba rán wá láti Àdó.

Nọ́ọ̀sì méjìdínlógún ni ìwé ìjọba sọ pé mo ní.
Mo kà wọ́n. Mo tún wọn kà.
Mọ́kànlá ni.
Bọ́sẹ̀dé wà ní Kánádà, ó ń fi àwòrán yìnyín ránṣẹ́.
Ọ̀ṣúntúyì ti di ará Sọ́ọ̀dì.
Ìyá Adébímpé fẹ̀yìn tì nígbà òjò,
búrẹ́dì àti omijé la fi sìn ín dé géètì;
títí dòní, kò sẹ́ni tí wọ́n fi dípò rẹ̀.

Ẹni mọ́kànlá, wọ́ọ̀dù márùn-ún,
ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n pẹ̀lú òru wọn.
Fálọdún ń bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ Kérésì.
Mojírọ́lá lóyún oṣù méje, kò yẹ kó ṣọ́ òru,
ṣùgbọ́n òru ò mọ̀ pé ó lóyún.

Wọ́n rò pé kọ́kọ́rọ́ ni iṣẹ́ náà:
ti ilé oògùn, ti yàrá aṣọ ibùsùn,
ti kọ́bọ́ọ̀dù tí a tọ́jú oògùn olóró sí.
Ó ń dún ní ìbàdí mi.
Ẹni tó ń tòògbé á gbọ́, á jí,
ẹni tó ń tẹ fóònù á kì í bọ àpò.
Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kó dún ni,
kí n má baà ká ẹnikẹ́ni mọ́ ibi ìtìjú.

Lóṣù tó kọjá, Ìbídàpọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún,
fún bàbá àgbẹ̀ ará Òkè-Mẹ̀sí, ibùsùn kẹfà,
ní oògùn ibùsùn kẹsàn-án.
Orí bàbá yọ ọ́. A kò sùn títí tó fi là ojú.
Wọ́n pè wá sí Àdó, ìgbìmọ̀ jókòó yí wa ká,
wọ́n ní, nọ́ọ̀sì wo nìyẹn?
Mo dìde. Mo tẹ́ rósítà síwájú wọn.
Mo ní, òru mẹ́rin léraléra ni ọmọ yìí ṣọ́.
Ta ló fọwọ́ sí i nísàlẹ̀?
Akọ̀wé wọn dá bírò dúró.

Lẹ́tà ìkìlọ̀ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, lábẹ́ agolo bisikíìtì.
Ìbídàpọ̀ ò mọ̀.
Èmi àti ẹ̀ la jọ ti ilẹ̀kùn,
mo ní kó máa pe orúkọ aláìsàn sókè kó tó gbé abẹ́rẹ́,
ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi dẹ́kun gbígbọ̀n.
Mo bá a wí débi tó yẹ. N kò kọjá ibẹ̀.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà
kí orí ọmọ tuntun wọ́.
Wọn ò sọ ẹni tó ń bá àgbà náà
sọ ẹrù tirẹ̀ kalẹ̀.

Ìgbà wo ni mo di ọrùn-ọwọ́ aláìsàn mú gbẹ̀yìn?
Ọwọ́ yìí ti gba ọmọ tó lè kún ilé ìwé kan,
íńkì ló ń rùn báyìí.

Àlàfo kan ló kù:
òru ọjọ́ kẹrìnlélógún, wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí.
Mo wo orúkọ mọ́kànlá náà lọ, mo wò wọ́n bọ̀.
Mo gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Mo mú bírò.
Ọ̀dúnọlá Olófintúyì.

Ẹ bá mi sọ fún ọkọ mi
kó má gún iyán dè mí.